Ta Ló Ń Sunkún Nínú Igbó?

Wọ́n ní egbére kúrú, wọ́n ní ó máa ń gbé ẹní kékeré kan dání, wọ́n sì ní kò sí ìgbà tí kì í sunkún. Ẹni tó bá lè já ẹní yẹn gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ti di olówó. Àmọ́ onítọ̀hún gbọ́dọ̀ lè fara da ẹkún o, torí egbére á tẹ̀ lé e délé, á máa sunkún lọ́sàn-án lóru, títí àánú á fi ṣe ẹni náà tí á dá ẹní padà. Báyìí ni ìyá àgbà wa ṣe sọ ọ́ fún wa ní Oǹdó nígbà tí mo wà ní kékeré. Mi ò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí èmi fúnra mi á jókòó sídìí igi kòkó, tí màá máa sunkún bí egbére, tí ọ̀rẹ́ mi á máa fi fóònù ká a sílẹ̀.

Fíìmù la fẹ́ ṣe, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọdún 2022 ni, ọdún tí àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ gbáko. Àwa mẹ́ta tí a jọ dàgbà ládùúgbò kan náà wà nílé, kò sí ìwé, kò sí iṣẹ́, kò sí owó. Ọ̀kan nínú wa, tí gbogbo wa ti ń pè ní Dáírẹ́kítọ̀ láti ilé-ẹ̀kọ́ girama, ló mú àbá náà wá. Bàbá rẹ̀ ní oko kòkó lọ́nà Òkè-Igbó. Gbogbo owó tí a ná kò pé 15,000 náírà: bátìrì tọ́ṣì, ẹní kékeré kan, epo pupa tí a fi ra ẹsẹ̀ àbúrò Dáírẹ́kítọ̀, owó ọ̀kadà, dátà, àti búrẹ́dì pẹ̀lú ẹ̀wà tí a jẹ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ìtàn inú rẹ̀ kò le. Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta wọ igbó lọ wá egbére, wọn ò jáde mọ́. Ọdẹ kan ló rí fóònù wọn lábẹ́ igi, ohun tó wà nínú fóònù náà lẹ sì ń wò. Ìṣẹ́jú 11 péré ni. Ẹ ò rí egbére náà dáadáa. Ẹkún ni ẹ ń gbọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ẹsẹ̀ pupa kan kọjá níwájú iná tọ́ṣì, lẹ́yìn náà fóònù bọ́ sílẹ̀, ó wá ń wo ewé títí fídíò fi tán.

Irú fíìmù yìí pọ̀ láyé. Found footage ni àwọn Òyìnbó ń pè é. Èmi máa ń pè é ní fídíò àríhe, torí bí wọ́n ṣe máa ń ní àwọn rí i he nìyẹn, bí ìgbà tí èèyàn rí owó he lójú títì. Èyí tó gbajúmọ̀ jù lọ ni The Blair Witch Project, tí Daniel Myrick àti Eduardo Sánchez ṣe. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1997, wọ́n kó òṣèré mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ lọ sínú igbó kan ní Maryland, ní Amẹ́ríkà, wọ́n gbé kámẹ́rà lé wọn lọ́wọ́, wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n máa rìn káàkiri inú igbó fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́jọ. Lóru, àwọn tó ń ṣe fíìmù á wá máa mi àgọ́ wọn. Oúnjẹ tí wọ́n ń fún wọn sì ń dín kù lójoojúmọ́, kí ìbínú àti ìbẹ̀rù ojú wọn lè jọ ti òótọ́. Owó tí wọ́n fi ya á kò ju nǹkan bí 60,000 dọ́là lọ. Nígbà tó jáde ní 1999, owó tó pa sún mọ́ 250 mílíọ̀nù dọ́là. Nínú gbogbo fíìmù náà, ẹ ò ní rí àjẹ́ kankan.

Ṣáájú ìgbà yẹn, ní 1980, ará Ítálì kan tó ń jẹ́ Ruggero Deodato gbé Cannibal Holocaust jáde, tó yà nínú igbó Amazon. Ó jọ òótọ́ débi pé wọ́n fẹ̀sùn kàn án nílùú rẹ̀ pé ó pa àwọn òṣèré rẹ̀. Ó di dandan kó wá wọn kàn, kó fi hàn pé wọ́n wà láàyè, kí ilé-ẹjọ́ tó gbà pé eré ni. Ẹ gbọ́ mi o: ọkùnrin yẹn ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n gbà pé irọ́ lòun pa.

Ohun tó fa àwa mẹ́ta mọ́ra nínú irú fíìmù yìí ò ṣòro láti mọ̀. Nínú fíìmù mìíràn, ẹni tí kò lówó á máa fi àìlówó rẹ̀ pamọ́. Àwa tí a dàgbà sídìí fíìmù Yorùbá mọ bí iwin ibẹ̀ ṣe máa ń rí: ẹfun lójú, màrìwò nídìí, èéfín lẹ́yìn. A mọ òṣèré tó wà lábẹ́ ẹfun, a tún mọ fíìmù tó ti ṣe pásítọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Àmọ́ nínú fídíò àríhe, àìlówó gan-an ni ẹ̀rí. Ṣé àwòrán ṣókùnkùn ni? Òru ni, kí lẹ retí? Ṣé ọwọ́ ń gbọ̀n ni? Ẹ̀rù ló ń bà á. Ṣé ohùn ò já gaara? Ta ló ń rántí ohùn nígbà tó ń sá àsálà? Èèyàn kì í rò pé ẹni tí kò lówó bátìrì á ráyè hùmọ̀ irọ́. Òtòṣì jọ olóòótọ́, àwa náà sì lo ojú òtòṣì wa.

A fi í sórí WhatsApp àti Facebook. Dáírẹ́kítọ̀ ló kọ ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀: ọdẹ kan rí fóònù yìí nínú igbó lọ́nà Òkè-Igbó, ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ àwọn ọmọ yìí kó pariwo síta. Kò sí orúkọ wa níbẹ̀. Orúkọ wa ni ì bá bà á jẹ́.

Ẹ rántí irú ọdún tó jẹ́ o. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún yẹn ni àwọn agbébọn wọ ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì St. Francis ní Ọ̀wọ̀, tí wọ́n pa ọ̀pọ̀ olùjọsìn. Ṣáájú ìgbà náà ni ẹ̀rù igbó ti yí padà ní ìpínlẹ̀ wa. Ní oṣù Kìíní 2020 ni wọ́n dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá; ní oṣù Kìíní 2021 olóògbé Rótìmí Akérédolú, tó jẹ́ gómìnà wa nígbà náà, pàṣẹ pé kí àwọn darandaran kúrò nínú igbó ọba láàárín ọjọ́ méje. Tí ẹ bá wọ mọ́tò láti Àkúrẹ́ wá sí Oǹdó nígbà yẹn, bí ẹ bá ti ń sún mọ́ Ọ̀wẹnà tí igi pọ̀ lọ́tùn-ún lósì, inú mọ́tò á dákẹ́. Kò sẹ́ni tó ń ronú egbére. Ajínigbé ni gbogbo wa ń rò.

Oṣù Kẹjọ la fi fídíò wa síta. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ó ti dé ọ̀dọ̀ àwọn tí a ò mọ̀ rí. Ọjọ́ karùn-ún, ìyá àgbà mi gan-an gbé fóònù rẹ̀ wá bá mi nínú ilé, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ní kí n wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sáwọn ọmọ ọlọ́mọ. Mo wò ó. Mo gbọ́ ohùn ara mi. Mo ní, "Ẹ̀yin náà, ìyá àgbà, ọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì nìyẹn jàre." Mi ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Inú mi dùn, kí n má purọ́ fún yín. Ohun tí àwa ọmọdé mẹ́ta fi 15,000 náírà ṣe ló ba àgbàlagbà lẹ́rù báyìí!

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni ìyá kan wá sílé wa.

Àkúrẹ́ ló ti wá. Ó ti kọ́kọ́ lọ sí Òkè-Igbó, ó ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ọdẹ ibẹ̀ pé ta nínú wọn ló rí fóònù he. Àwọn ọdẹ ní àwọn ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ọlọ́kadà kan tó wà nítòsí ló wá sọ pé òun gbé àwọn ọmọkùnrin kan tó mú ẹní dání lọ sóko lọ́jọ́ kan, òun sì mọ àdúgbò wọn ní Oǹdó. Bó ṣe dé ọ̀dọ̀ wa nìyẹn.

Ìyá àgbà mi fún un ní omi. Ó gbé omi náà dání, kò mu ún. Ó ní ọmọ òun ọkùnrin kúrò nílé ní oṣù Karùn-ún, ó ní òun ń lọ wá iṣẹ́, láti ọjọ́ kejì ni nọ́ńbà rẹ̀ ò ti lọ mọ́. Àwọn ti lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Àwọn ti lọ sórí òkè àdúrà. Ó wá ní, "Ọmọ mi, èmi ò bá ti egbére wá o. Bóyá egbére wà, bóyá kò sí, kò kàn mí. Ẹni tó ń sunkún nínú fídíò yẹn ni mo bá wá. Ohùn ọmọ mi ni. Bó ṣe máa ń sunkún láti kékeré nìyẹn, á fà á, á wá dákẹ́ díẹ̀, á tún gbé e."

Ọ̀nà ọ̀fun mi gbẹ. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, èmi ni."

Ó wò mí. Ó ní, "Ìwọ ni kí ni?"

"Èmi ni mo sunkún yẹn. Eré ni, mà. Fíìmù la ń ṣe."

Mo rò pé á gbá mi létí. Kò gbá mi. Ó ní, "Sun ún kí n gbọ́."

Mo sun ún. Nínú pálọ̀, lọ́sàn-án gangan, níwájú ìyá àgbà mi. Ó di ojú, ó tẹ́tí. Mo fà á, mo dákẹ́ díẹ̀, mo tún gbé e. Nígbà tí mo ṣe tán, ó la ojú, ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi." Ó gbé omi sílẹ̀ lórí tábìlì, ó mú báàgì rẹ̀. Ìyá àgbà mi ló sìn ín lọ sí gáréèjì. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó rántí gba nọ́ńbà rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni èmi àti Dáírẹ́kítọ̀ ti ń bá àríyànjiyàn kan bọ̀, a ò sì tíì parí ẹ̀. Kí ni ẹ̀ṣẹ̀ wa gan-an? Òun ò sọ pé a ò ṣẹ̀ o. Ó ká òun náà lára, òun ló kọ́kọ́ pa fídíò náà rẹ́ lójú ìwé rẹ̀. Àmọ́ ó ní àṣìṣe ni, kì í ṣe irọ́. Ó ní, "Ṣé Ìjàpá sọ̀rọ̀ rí ni? Kò sẹ́ni tó pe àwọn tó ń pàlọ́ ní òpùrọ́."

Mo ní kó rántí bí àlọ́ ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. Kí apàlọ́ tó sọ ohunkóhun, á ké "Ààlọ́ o!" Àwa náà á sì dáhùn pé "Ààlọ̀!" Ìdáhùn yẹn kì í ṣe àṣà lásán. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn kan ilẹ̀kùn, tí onílé ní kó wọlé. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́ lè dìde lọ sùn. Níparí, apàlọ́ tiẹ̀ máa ń búra pé bí òun bá purọ́, kí agogo ẹnu òun má dún. Á fi ẹnu dún un lẹ́ẹ̀mẹ́ta, gbogbo wa á rẹ́rìn-ín. Gbogbo wa la mọ̀ pé Ìjàpá ò fò rí, agogo náà sì dún. Ìdí tó fi dún ni pé tọmọdé tàgbà tó wà níbẹ̀ ló mọ irú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ. Ìyá tó wá láti Àkúrẹ́ ò dáhùn "Ààlọ̀" fún wa. A ò kan ilẹ̀kùn, ojú fèrèsé la gbà wọlé.

Ó ní Fágúnwà ńkọ́? Ìbéèrè gidi nìyẹn, àti pé ó bá wa nílé, torí Òkè-Igbó tí a purọ́ mọ́ yìí ni ìlú Fágúnwà. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Daniel Ọlọ́runfẹ́mi Fágúnwà sí ní 1903. Tí ẹ bá gba Oǹdó lọ sí Ifẹ̀, ẹ ó kọjá níbẹ̀. Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀, tó jáde ní 1938, tí Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1968, ẹ wo bó ṣe bẹ̀rẹ̀: ẹnì kan jókòó jẹ́jẹ́ rẹ̀, bàbá arúgbó kan yọ sí i, ó ní kó mú ohun ìkọ̀wé, kó kọ ìtàn ìgbésí ayé òun sílẹ̀. Àkàrà-ògùn ni bàbá náà. Ẹni tó ń kọ̀wé ò ní òun lọ sígbó, ó ní ohun tí wọ́n sọ fún òun lòun kọ. Ìtàn àríhe nìyẹn, ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta kí Blair Witch tó jáde. Dáírẹ́kítọ̀ ní bí tiwa bá jẹ́ irọ́, ti Fágúnwà náà irọ́ ni.

Èyí gbà mí lọ́jọ́ mélòó kan. Ó ṣe tán, àwọn èèyàn gba Fágúnwà gbọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tó kú sómi nítòsí Bídà ní oṣù Kejìlá ọdún 1963, ọ̀pọ̀ ò gbà pé omi lásán ló pa á. Wọ́n ní àwọn iwin tó ń tú àṣírí wọn sínú ìwé ló wá mú un lọ. Títí di òní, ẹ ó rí ẹni tó máa sọ ọ́ fún yín bẹ́ẹ̀ láìmi ojú.

Ohun tó wá là mí lọ́yẹ̀ ni iṣẹ́ kan tí Barry Hallen àti J. Olúbí Ṣódípọ̀ ṣe, àwọn onímọ̀ ọgbọ́n orí méjì tí wọ́n jọ wà ní Yunifásítì Ifẹ̀. Wọ́n jókòó ti àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Èkìtì, wọ́n ń bi wọ́n léèrè ohun tó ya "mọ̀" sọ́tọ̀ sí "gbàgbọ́". Ìwé wọn jáde ní 1986. Ìdáhùn àwọn bàbá yẹn le: ohun tí o fi ojú ara rẹ rí, tí ọkàn rẹ sì jẹ́rìí sí, ìyẹn nìkan lo mọ̀. Gbogbo ohun yòókù, ohun tí bàbá rẹ sọ fún ọ, ohun tí tíṣà kọ́ ọ, ohun tó wà nínú ìwé, o gbà á gbọ́ ni. Ẹ pín ọ̀rọ̀ náà sí méjì, ẹ ó rí i: o gbọ́, o sì gbà. Kò sí àbùkù nínú rẹ̀, gbogbo ayé wa ló dúró lórí rẹ̀. Àmọ́ ohun tí èèyàn gbọ́ kó tó gbà, ó láǹfààní láti yẹ̀ ẹ́ wò, láti béèrè, láti sọ pé "dúró ná, ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Níbo wá ni kí á fi fídíò sí? Ojú ló gbà wọlé, ṣùgbọ́n ìròyìn ni. Ìyá yẹn ò sí nínú oko kòkó bàbá Dáírẹ́kítọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ohun tó wò lójú fóònù jẹ́ ohun tí àwa mẹ́ta yàn pé kó rí, àmọ́ nígbà tó parí, ó sọ pé òun mọ̀, kò sọ pé òun gbọ́. Fágúnwà ní kí o gbọ́, orúkọ rẹ̀ wà lára ìwé, tíṣà ni, àwọn èèyàn mọ ilé rẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ bi í pé "bàbá, ibo ni igbó yìí wà?" lè lọ bi í. Àwa ní kí wọ́n mọ̀. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà lójú tèmi. Kì í ṣe pé a dá egbére tí kò sí sílẹ̀. A ṣe ayédèrú ojú, a sì gbé e wọ ọlọ́jà lójú.

Dáírẹ́kítọ̀ ní ọdẹ náà máa ń sọ pé òun rí ọ̀rọ̀ nínú igbó, kò sẹ́ni tó ń bi í ní fọ́tò. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọdẹ wà níbẹ̀ pẹ̀lú ojú ẹ̀. Ẹ lè bi í pé kí ló lọ ṣe níbẹ̀, ta ló wà pẹ̀lú rẹ̀, ṣé kò mu ẹmu. Tó bá dé ilé-ẹjọ́, wọ́n á ní kó fi irin búra. Bó bá purọ́, ojú rẹ̀ lojú á tì. Mo fẹ́ràn fíìmù kan tí Charles Pierce ṣe ní 1972, The Legend of Boggy Creek, lórí ẹ̀dá onírun kan tí wọ́n ní ó ń rìn nínú igbó ẹ̀gbẹ́ ìlú Fouke ní Arkansas. Owó táṣẹ́rẹ́ ló fi ṣe é. Àwọn ará ìlú náà ló kó jọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ṣe ara wọn nínú rẹ̀. Bóyá irọ́ ni wọ́n pa, bóyá òótọ́ ni, aládùúgbò wọn lè bá wọn fà á. Fóònù tó bọ́ sílẹ̀ tó ń wo ewé, ta ló máa bi í ní ìbéèrè? Irin lòun náà ṣá, àmọ́ kì í búra.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí Dáírẹ́kítọ̀ sọ tí mo gbà pé ó wúwo jù. Ó ní, "O ò ṣe ro ti àwọn tí fídíò wa gbà là? Àwọn tó yẹ kí wọ́n lọ sóko nírọ̀lẹ́, tí wọn ò lọ mọ́ torí egbére." Ohun tí ìtàn egbére wà fún látijọ́ kúkú nìyẹn: kí ọmọdé má dá wọ igbó, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bó ṣe wù ú nínú igbó àìwọ̀. Ẹ̀rù iwin dá ààbò bo igi tí òfin ìjọba ò lè dáàbò bò. Ẹ lọ wo igbó ọba tó yí Àkúrẹ́ ká, kí ẹ wo ohun tí ayùn ti ṣe níbẹ̀ láti ìgbà tí ẹ̀rù iwin ti kúrò lára àwa èèyàn.

Ìdáhùn mi kò dùn. Ìyá àgbà mi náà jáwọ́ oko ọ̀sán rẹ̀ lẹ́yìn fídíò yẹn. Ó wá yí i sí àárọ̀ kùtù, torí wọ́n ní egbére kì í jáde láàárọ̀. Ajínigbé ń jáde láàárọ̀. Ẹni tí a fi egbére dẹ́rù bà, ọ̀nà egbére lá máa ṣọ́, á wá fi ẹ̀yìn sí ọ̀nà tí ìbọn ti ń bọ̀. Ẹ̀rù tó ń dáàbò bo èèyàn gbọ́dọ̀ kọjú síbi tí ewu wà. Látijọ́, egbére àti ewu inú igbó kọjú síbì kan náà. Ní 2022, wọn ò kọjú síbì kan náà mọ́, àwa la sì da ojú àwọn èèyàn padà sẹ́yìn.

Mo padà ka ìtàn Blair Witch lẹ́yìn gbogbo èyí. Orúkọ àwọn òṣèré mẹ́ta náà gan-an ni wọ́n lò nínú fíìmù: Heather Donahue, Joshua Leonard, Michael Williams. Wọ́n tẹ ìwé pélébé pé wọ́n sọnù, wọ́n pín in káàkiri. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì wọ́n kọ ọ́ pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti kú. Wọ́n ní kí àwọn òṣèré náà má jẹ́ kí ayé rí wọn. Àwọn èèyàn wá ń fi káàdì ìbánikẹ́dùn ránṣẹ́ sí ìyá Heather, ọmọ rẹ̀ sì wà láàyè. Ní 2024, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde síta láti béèrè ẹ̀tọ́ wọn lórí owó fíìmù náà, ọdún 25 lẹ́yìn náà. Bí mo ṣe ń ka èyí, kì í ṣe owó ni mo ń rò. Ìyá méjì ni mo ń rò, ìyá Heather àti ìyá tó gbé omi dání ní pálọ̀ wa tí kò mu ún.

Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe irú fíìmù yìí mọ́. Mo ṣì ń wò wọ́n lóru, pẹ̀lú iná tí mo tàn sílẹ̀. Dáírẹ́kítọ̀ ní bí a bá kọ ọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ pé eré ni, ẹ̀rù ti tán nìyẹn. Mo ní mo mọ̀ pé àlọ́ ni nígbà tí ìyá àgbà ń sọ ti egbére, síbẹ̀ mi ò lè dá lọ sí ilé ìtọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ó ní ìyẹn yàtọ̀, ọmọdé ni mí nígbà náà. Ibi tí a bá a dé nìyẹn. Ó ń kọ òmíràn báyìí, lórí òkè Ìdànrè, ó sì ti ṣèlérí pé orúkọ gbogbo wa á wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní òun ń dán an wò ni o, òun ò tíì gbà.

Lóṣù tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó wà ní Àkúrẹ́ fi fídíò kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ó ní kí n má gba ojú ọ̀nà Ọ̀wẹnà lálẹ́ mọ́, kí n wo ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Mo ṣí i. Ẹnì kan ti gé e kù, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin, wọ́n ti yọ ọ̀rọ̀ Òkè-Igbó kúrò. Ẹkún náà ṣì wà níbẹ̀. Mo kọ ọ́ sí i pé èmi ni mò ń sunkún yẹn, pé oko kòkó ni, lọ́nà Òkè-Igbó, ní 2022, pé ẹní tó rí níbẹ̀ ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi.

Ó fi ẹ̀rín mẹ́ta dá mi lóhùn. Ó ní, "Bọ̀dá mi, ẹ má purọ́ jàre. Èmi fi ojú mi rí i."